Ọjà Keje, Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́rú, 21 Jánúárì 1959

Mo ti dé. Ọjà Ìkirè ń ná lónìí, òun ni mo fi rí ọkọ̀ Gàrúbà wọ̀ láti abúlé. Ó sọ èmi àti àpótí mi kalẹ̀ lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó ní, "Tíṣà, ó dàbọ̀ o," ó sì ti lọ kí n tó dá a lóhùn. Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi ti là. Bàbá Ògúnjìnmí tó ń ṣọ́ géètì ló bá mi ru àpótí dé ẹnu ilé tí àwa obìnrin ń sùn. Wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Abúlé Àmúsà, lọ́nà Orílẹ̀-Òwu. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí. Mo ní kò yà mí lẹ́nu, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń débẹ̀, ọjọ́ ọjà Ìkirè nìkan ló sì ń débẹ̀.

Obìnrin mọ́kànlá ni wá láàrin ọkùnrin bí ọgọ́rin. Àwọn mẹ́wàá yòókù ti mọ ara wọn láti ilé ìwé tí wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sídìí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Jánúárì

Míìsì Oyèyẹmí tó ń bójú tó àwa obìnrin pín ìwé fún àwa tuntun lónìí. Kálukú ni yóò fa ìlà táìmù-tébù tirẹ̀. Wọ́n ti kọ àwọn ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan sára pátákó. Ìyókù, ká yàn án, ká tò ó, ká sì gbé e wá kí àwọn fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ó di ìparí táàmù kí ẹnikẹ́ni tó yí nǹkan padà níbẹ̀. Ọ̀sán kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni a lè fi jáde sí ìlú, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Àlejò ò gbọdọ̀ kọjá géètì, wọn ò sì gbọdọ̀ pe akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní kíláàsì nítorí ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò ni mo fẹ́, ìṣirò ńlá, èyí tó ní lẹ́tà nínú. Torí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ni wọ́n fi í sí. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú náà ni wọ́n fi Ìtọ́jú Ilé sí, èyí tí gbogbo obìnrin ń ṣe. Ẹni tó kọ pátákó yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Jánúárì

Wọ́n ti tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní méjì-méjì. Èmi nìkan ni Mùsùlùmí láàrin àwa obìnrin, nítorí náà èmi nìkan ni mo kù sílé, èmi àti bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá. Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń lọ sí ọjà. Ti Gàrúbà á wà nínú wọn.

Mo fa ìlà méje sórí ìwé fún ọjọ́ méje. Ìgbà tí mo dé ibi tí màá kọ ọ̀sán ìjáde mi sí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọjà Ìkirè kì í dúró lójú kan. Ọjọ́ Àìkú ló ná lónìí, Ọjọ́bọ̀ ni yóò tún ná, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, kó tó padà bọ́ sí Àìkú. Ọ̀sán ìjáde mi ní tirẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọjọ́ yòówù kí n mú, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun àti ọjà yóò pàdé kí ọ̀sẹ̀ méjìlá wa tó pé. Ọjọ́ ọjà nìkan ni Màámi lè rí ọkọ̀ wọ̀ wá. Láti ọjọ́ tí Bàbá mi ti kú, èmi àti Màámi nìkan la wà nínú ilé yẹn, a kì í ya ara wa ju ọjọ́ kan lọ.

Mo tún un kà bóyá mo ṣì í. Mi ò ṣì í. Mo kọ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọjà Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni Màámi ti ṣèlérí kí n tó kúrò nílé pé àwọn á wá wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 26 Jánúárì

Mo lọ bá Míìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọ̀sán ìjáde mi lè máa tẹ̀lé ọjà?"

Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Sìlífátù, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ìjọba ń lò."

"Mo mọ̀, mà. Ọkọ̀ tó ń gbé ìyá mi ni ò mọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Mo wá sọ ti Ìṣirò. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò wá kọ́ mi ní ìtọ́jú ilé, mo ní Màámi ti kọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù tó ń kọ́ni ní Ìṣirò. "Bí wọ́n bá gbà ọ́, màá fọwọ́ sí i. Àmọ́ wọn ò ní gbà ọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Jánúárì

Ó gbà mí. (Lójú rẹ̀, "wọ́n" ni màá máa wí. Nínú ìwé tèmi, "ó" ni.) Ó ní kí n ṣe ìṣirò kan lójú òun, mo ṣe é. Ó ní kí n ṣe òmíràn, mo ṣe é. Ó nu pátákó, ó gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Obìnrin mẹ́ta ni mo ti gbà rí. Ọ̀kan ní orí ń fọ́ òun. Ọ̀kan ní àlejò òun dé. Ìkẹta ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, a ò kàn rí i mọ́. Bí o bá pa kíláàsì mi jẹ lẹ́ẹ̀kan, tàbí o dìde jáde nínú rẹ̀, má ṣe padà wá. Ìtọ́jú Ilé wà níbẹ̀ fún ẹ."

Mo ní mo gbọ́, sà. Mo sáré padà wá síbí láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́bọ̀, 29 Jánúárì

Mo rí Màámi. Míìsì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìjáde mi lónìí. Ìsọ̀ àwọn elépo ni a ti pàdé, Màámi ti jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń bá elépo jà nítorí epo tí wọn ò fẹ́ rà. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n ní, "O ti rù." Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo kúrò nílé. Wọ́n ra dòdò fún mi, wọ́n bú alátà náà pé dòdò tọ́rọ́ ti kéré ju ti ọdún tó kọjá lọ, wọ́n sì jókòó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Mo fi táìmù-tébù mi hàn wọ́n. Wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n ní, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Mo fi ìka sí ibi tí mo kọ ìjáde sí. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni, bó bá ti bọ́ sí ọjà ni kí wọ́n máa wá.

"Èwo lọjọ́ tí mò ń kà lóko ju Jímọ̀ lọ? Ọjà ni kí o fi sọ fún mi."

Mo wo ìwé mi. Mo fi ìka fò ó láti ọjà kan sí èkejì títí ó fi tún kan Ọjọ́bọ̀. Ìfò méje ni. Mo ní, "Ọjà keje, Màámi."

"Ọjà keje." Wọ́n ń ká ìka wọn kò, ẹnu wọn ń mì. "Ó yé mi. Wọ́n á ti ká kòkó tó kù tán nígbà náà. Mo ń bọ̀."

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ lọ, wọ́n fi ìborùn wọn nu ètè mi, bíi pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò wá. Mi ò kọ̀ fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Jánúárì

Míìsì ti fọwọ́ sí i. Ó parí.

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, èmi, àti àga méjì tó ṣófo lápá ọ̀tún àti òsì mi. Adépọ̀jù ò pè mí rárá. Mo nawọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo ṣe padà dé ilé ìsùn, òórùn nǹkan dídùn ló pàdé mi, wọ́n ti se bisikíìtì ní Ìtọ́jú Ilé. Jemima tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní, "Háà, a ti jẹ ẹ́ tán." Ó dùn ún dénú, mo rí i lójú rẹ̀. Kò kúkú sí ẹni tó rántí pé mo wà.

Ọjọ́rú, 11 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ló gba ipò rẹ̀. Ọṣẹ ti gbówó lórí. Ó di ọjọ́ kẹta tí ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ mi, àfi tíṣà tó ń ka orúkọ láàárọ̀. Mo ń dáhùn ketekete kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.

Ọjọ́ Ajé, 16 Fẹ́búárì

Mo gba mẹ́tàdínlógún nínú ogún ní Ìṣirò. Ọkùnrin méjì péré ló jù mí lọ. Adépọ̀jù ju ìwé mi sórí tábìlì mi bó ṣe ju ti gbogbo ènìyàn, ìyẹn náà tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Fẹ́búárì

Mo fọ aṣọ. Mo lọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí màá wọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo ọjà sì pọ̀ lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fẹ́búárì

Màámi ò sí lọ́jà.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni mo dé ìsọ̀ elépo. Mo rò pé wọ́n lọ ra nǹkan ni. Mo jókòó. Mo dìde, mo yí ọjà ká, mo padà wá jókòó. Elépo náà ń wò mí. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo lọ sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Gàrúbà ń di ẹrù sórí ọkọ̀. Bó ṣe rí mi ló sọ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà, ara rẹ ti yá?"

Mo ní, "Àìsàn kankan ò ṣe mí, Bọ̀ọ̀dá Gàrúbà. Màámi dà?"

"Ọjà tó kọjá ni Ìyá wá. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀ yẹn, wọn ò kúrò títí a fi fẹ́ lọ. Mo ní kí n gbé wọn wá sí géètì yín, wọ́n ní inú ọjà lẹ jọ ṣàdéhùn, bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ o lè dé."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọjà keje ni mo wí, òní sì ni ọjà keje. Gàrúbà ò bá mi jà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ ríra níbí, ọ̀kan." Ó ká àtàǹpàkò kò. Ó ń ka ọjà lọ, ó ń ká ìka kò. Bó ṣe kan ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìka méje ló ti ká kò. Mo dúró, mò ń wo ìka rẹ̀.

Ó ní nígbà tí àwọn ń padà, Màámi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kí wọ́n tó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n rò pé ara mi ni ò yá, tí àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì fi í pa mọ́ fún wọn. Mo bẹ Gàrúbà kó sọ fún wọn pé ara mi le, pé ọjà kẹjọ ni kí wọ́n wá, kí wọ́n ka tòní mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ti gbọ́.

Mo sunkún lójú ọ̀nà. Mo nu ojú mi kí n tó dé géètì.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Fẹ́búárì

Ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọmọ lórúkọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọdé Abúlé Àmúsà tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo jókòó ti ìwé onílà méje, tí mo ń ka ìfò, tí mo fo ọjọ́ tí mo wà nínú rẹ̀ dà nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lò níbí tí mo fi ń ka ọjọ́ bí òyìnbó. Inú bí mi sí Màámi lánàá fún bí ìṣẹ́jú kan, pé kí ni wọ́n ń kà. Mi ò ní dárí ìyẹn ji ara mi bọ̀rọ̀.

Màámi wọ ọkọ̀ wá sí ọjà, wọ́n jókòó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ń lọ aṣọ.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Mẹ́jọ nínú ogún. Adépọ̀jù ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 9 Máàṣì

Mo lọ bá Míìsì bóyá wọ́n lè jẹ́ kí n yí ọ̀sán ìjáde mi padà lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú ìwé mi jáde, wọ́n fi ọwọ́ tí wọ́n fi sí i hàn mí. Wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo tò ó." Ohùn wọn ò le. Ì bá sàn kó le.

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì

Wọ́n ti rí oṣù, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nílé, Màámi ló máa ń jí mi sí sààrì, wọ́n á fà mí létí bí mi ò bá tètè dìde. Èmi ni mo jí ara mi. Gààrí ni mo mu. Kíláàsì Ìṣirò ti aago méjì le gan-an pẹ̀lú òǹgbẹ, àmọ́ mo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Jemima gbé oúnjẹ alẹ́ mi pa mọ́ fún mi láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi àwo bò ó. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni a kì í mu omi pàápàá. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní òun ò lè ṣe é. A sọ̀rọ̀ títí mo fi jẹun tán. N kò rò pé ó mọ bó ṣe pẹ́ tó tí ẹnì kan ti bá mi jókòó jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 19 Máàṣì

Ìjáde mi ni òní, àmọ́ kò sí ọjà, kò sì sí ibi tí mo ń lọ ní pàtó. Mo fẹ́ kàn rìn dé ọ̀nà Àpòmù kí n sì padà. Bàbá Ògúnjìnmí pè mí bí mo ṣe ń kọjá. Wọ́n wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́nu géètì, wọ́n gbé ẹrù kan jáde tí wọ́n fi aṣọ dì. Mo mọ aṣọ náà. Ìborùn Màámi ni.

Mo ní, "Bàbá, ta ló mú èyí wá?"

"Ìyá rẹ. Ó wá lánàá, aago méjì ti kọjá díẹ̀. Ó ní òun ò ka ọjà kankan mọ́, òun fẹ́ fi ojú òun rí i pé o ò dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ní o ò ṣàìsàn, o wà níbẹ̀ yẹn, nínú kíláàsì Ìṣirò. Ó ní kí n pè ọ́."

"Ẹ ò pè mí."

"Dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo ní òfin ò gbà mí láyè, àmọ́ mo máa lọ. Mo kàn sọ fún un pé kó mọ̀ o, bí ọmọ yìí bá jáde ní kíláàsì ọkùnrin yẹn, wọn ò ní jẹ́ kó padà mọ́. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ ọ́n. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, ṣé lóòótọ́ ni. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní, 'Ẹ má pè é.'"

Bàbá ní òfin ò gba àlejò wọlé, àmọ́ kò sí òfin tó ní àgbàlagbà ò lè jókòó lẹ́yìn ọgbà. Wọ́n mú Màámi gba ẹ̀yìn, lọ sí abẹ́ igi tó wà nítòsí fèrèsé kíláàsì wa. Màámi ò yọjú. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti igi. Wọ́n wà níbẹ̀ títí Gàrúbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀.

Bàbá ní, "Ó ń bi mí pé èwo ni ohùn rẹ. Ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn, mo ní kó ṣe sùúrù. Ìgbà tó yá ni wọ́n pè ọ́. O dìde, o sọ gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Òun nìyẹn.' Mo ní òun ni. Ó ní, 'Kí ló ń sọ?' Èmi náà ò kúkú gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Mo ní tíṣà bi í ní nǹkan tó le, ó sì gbà á. O ò rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń wọ ọkọ̀, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo èrò pé ọmọ òun nìkan ni obìnrin níbẹ̀, tíṣà bi í, ó sì gbà á."

Ògì gbígbẹ ni ó wà nínú ẹrù náà, fún sààrì, àti oyin nínú ìgò. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì Bàbá. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán, wọ́n ń wo ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Sìlífátù, mi ò parọ́ fún ìyá rẹ, àbí? O gbà á?"

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ ò parọ́, Bàbá. Mo gbà á."

Mẹ́fà ni mo pe ìdáhùn ìṣirò náà lánàá. Mẹ́sàn-án ni.